Òṣùpá ìdájí àti òṣùpá alẹ́: kí ló mú wọn jọra, ta ló sì ń gé òṣùpá kù?

Ìyá Gàrí Àtàn kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àtàn-Ìjẹ̀bú ni mò ń gbé, gàrí ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ilẹ̀ kì í mọ́ bá wa lórí ibùsùn. Bí gbágùúdá bá ti wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì, tó ti kan dáadáa, tí omi rẹ̀ sì ti gbẹ, ìdájí la máa ń dìde láti sẹ́ ẹ, ká lè ti máa yan án kí oòrùn tó mú. Ìdí nìyẹn tí èmi àti òṣùpá ìdájí fi mọ ara wa.

Òun gan-an ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá ń parí lọ, bí mo bá jáde ní nǹkan bí aago márùn-ún, mo máa ń rí òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ìlà-oòrùn, lókè àwọn ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Ìwo rẹ̀ méjèèjì á dojú kọ òkè. Lẹ́yìn náà, n kò ní rí i mọ́ rárá. Tó bá tún ṣe díẹ̀, lọ́wọ́ alẹ́, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Màgàríbì ní mọ́sálásí àdúgbò wa, òmíràn á yọ lápá ìwọ̀-oòrùn. Òun náà á rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìwo òun náà á dojú kọ òkè. Bí ẹ bá ya méjèèjì sórí ìwé, ẹ ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyí: báwo ni òṣùpá tó ń tán lọ àti òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ṣe jọra tó báyìí, tí ọ̀kan á wà ní ìlà-oòrùn, tí èkejì á wà ní ìwọ̀-oòrùn?

Èkejì nìyí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní JSS 2. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì sọ fún wọn pé òjìji ayé ló ń bo òṣùpá mọ́lẹ̀, pé ohun tó ń jẹ́ ká rí i ní ààbọ̀ tàbí tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á fún mi. Ọ̀rọ̀ náà ò wọlé sí mi lára. Nígbà tí a bá ń kó gàrí lọ sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa ń rí ààbọ̀ òṣùpá lójú ọ̀run ní aago mẹ́jọ àárọ̀, funfun báláú, oòrùn náà á sì wà níbẹ̀ tí á máa ta sí mi lójú. Oòrùn wà lápá kan, òṣùpá wà lápá kejì, ilẹ̀ tí ọkọ̀ wa ń gbà lọ sì wà lábẹ́ wa. Ibo wá ni òjìji ayé gbà dé ara òṣùpá? Mo bi ọmọ náà, kò rí i sọ. Bàbá rẹ̀ ní kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè ńlá dá mi lóhùn. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀run, tó sì fẹ́ kí ọmọ òun kọ ohun tó tọ́ nígbà ìdánwò.

Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀rọ̀ òjìji yẹn, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tíṣà. Ṣùgbọ́n mo lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹ rí, torí òṣùpá la fi ń mọ aago nínú igbó.

Bàbá mi kọ́ mi pé bí òṣùpá ṣe rí àti ìgbà tó ń yọ, wọn kì í ya ara wọn. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi, èmi náà á sọ ìgbà tó yọ àti ìgbà tó máa wọ̀ fún yín. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti alẹ́ kì í pẹ́ lójú ọ̀run, ẹ̀yìn oòrùn ló ń tọ̀ lọ. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́jọ, ó ti wọ̀. Nígbà tó bá di ààbọ̀, àtàrí wa ló máa wà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọ̀gànjọ́ ló sì máa wọ̀. Èyí tó kún, àrànmọ́jú, bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀ lápá kan báyìí ni òun á máa yọ lápá kejì, á sì wà lókè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọdẹ kì í fẹ́ràn irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀yà àti ẹtu kì í fẹ́ jáde sí gbangba, inú ìgbẹ́ tó dí ni wọ́n máa ń wà, èyí tó bá sì jáde nínú wọn á ti rí ọ kí ìwọ tó rí i.

Lẹ́yìn tó bá ti kún tán, ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ yọ ju ti àná lọ. Tó bá di alẹ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, aago mẹ́wàá ti máa ń kọjá kó tó yọ. Àsìkò òkùnkùn yẹn, láti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú títí dìgbà tó máa yọ, òun ni ọdẹ ń wá. Etí oko gbágùúdá ni mo máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀yà ti ń wá jẹun. N kì í wo fóònù. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ràn lẹ́yìn igi lápá ìlà-oòrùn, mo ti mọ̀ pé àsìkò mi ń lọ.

Ẹ wá wò ó, mà. Òṣùpá ìdájí tiyín ni èyí tó pẹ́ yọ jù nínú gbogbo wọn. Ó ti pẹ́ débi pé oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Tó bá tún pẹ́ sí i, òun àti oòrùn á jọ yọ ni, ojú ò sì ní rí i mọ́.

Tíṣà Ìpẹ́rù fèsì pé:

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọdẹ, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ gún régé. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Rẹ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ìpẹ́rù ni mo wà báyìí. Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ yín yẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń gbé e kiri títí dòní.

Ohun tí ẹ rí lójú ọ̀nà ọjà ti tó láti já a. Kí òjìji ayé tó lè dé ara òṣùpá, ayé gbọ́dọ̀ wà láàárín òṣùpá àti oòrùn: oòrùn níwájú wa, òṣùpá lẹ́yìn wa gan-an, tàbí kó jẹ́ ìdàkejì. Ìgbà tí òṣùpá bá kún nìkan ni wọ́n máa ń tò bẹ́ẹ̀. Ààbọ̀ òṣùpá tó wà lókè pẹ̀lú oòrùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, òjìji ayé ò sí lápá ibẹ̀ rárá. Òdì kejì oòrùn ni òjìji ayé máa ń na ara rẹ̀ sí. Kí ọmọ fa igi lé èyí tó kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú un láti ìpìlẹ̀. Òṣùpá ò ní iná tirẹ̀. Òkúta àti eruku ni, oòrùn ló ń tàn sí i lára tí ìmọ́lẹ̀ náà fi ń ta padà sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó sì jẹ́ pé ó rí roboto, ààbọ̀ rẹ̀ tó kọjú sí oòrùn á mọ́lẹ̀, ààbọ̀ tó kẹ̀yìn sí i á ṣókùnkùn. Èyí ò yí padà. Lálẹ́ tí ẹ rí i tẹ́ẹ́rẹ́, ààbọ̀ rẹ̀ ló mọ́lẹ̀. Lálẹ́ àrànmọ́jú, ààbọ̀ rẹ̀ náà ló mọ́lẹ̀. Àmọ́ òṣùpá ń yí ayé po, ní ibi tó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 384,400 kìlómítà, nítorí náà kì í ṣe ojú kan la ti ń wo ààbọ̀ tó mọ́lẹ̀ yẹn. Bó bá wà láàárín àwa àti oòrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣókùnkùn ló kọ sí wa, a ò ní rí i. Bó bá bọ́ sí òdì kejì, gbogbo ojú tó mọ́lẹ̀ ló kọ sí wa, a ní ó kún. Láàárín méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó, a sì ń rí díẹ̀ tàbí púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà.

Ẹ fi ọsàn dán an wò pẹ̀lú ọmọ yín. Ẹ lo ọsàn tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ bó, bí àwọn tó ń tà á lójú títì ṣe ń bó o, kí ara rẹ̀ lè funfun. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kó ga tó orí yín, oòrùn nìyẹn. Orí yín ni ayé. Ẹ na ọsàn síwájú yín, kó ga ju orí yín lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ kọjú sí tọ́ọ̀ṣì: ojú tó ṣókùnkùn lẹ máa rí. Ẹ wá máa yí sí òsì díẹ̀díẹ̀, tẹ̀yin tọsàn. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ yọ létí ọ̀tún ọsàn, á máa nípọn. Tí tọ́ọ̀ṣì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín gan-an, ààbọ̀ lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá kẹ̀yìn sí i, ó kún. Ẹ máa yí lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín láti apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ tó bá kù á wà lápá òsì.

Nígbà tẹ́ ẹ bá kẹ̀yìn sí tọ́ọ̀ṣì, ẹ rọ ọsàn náà wálẹ̀ kó bá orí yín dọ́gba. Òjìji orí yín á bò ó. Ohun tí tíṣà ọmọ yín ń sọ nìyẹn, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà yí wa po fi nǹkan bí dígírì 5 dagun sí ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po, torí náà òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji wa ló sábà máa ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, inú òjìji náà ló bọ́ sí. Nígbà tó yọ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òjìji ti bò ó tán. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi máa lù, ó ti jáde tán. Wákàtí díẹ̀ ni òjìji ayé fi ń ṣe tirẹ̀. Èyí tó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kún, tó tún ń gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tán, ọ̀rọ̀ ibi tí òṣùpá dé lójú ọ̀nà rẹ̀ ni.

Ó ku ìbéèrè àkọ́kọ́, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ di ohun kan ṣoṣo mú: apá ibi tí oòrùn bá wà ni ojú òṣùpá tó mọ́lẹ̀ máa ń kọ sí, tọ̀sán tòru. Lálẹ́ tí oṣù lé, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, òṣùpá sì wà lókè rẹ̀. Oòrùn wà nísàlẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ òṣùpá ló mọ́lẹ̀, ìwo á dojú kọ òkè. Ní ìdájí tiyín, oòrùn ń bọ̀ lábẹ́ ìlà-oòrùn, òṣùpá tó ṣáájú rẹ̀ yọ wà lókè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà ló mọ́lẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi jọra nìyẹn. Àsìkò àti apá tí wọ́n wà lẹ fi máa mọ̀ wọ́n: ti alẹ́ ń tọ oòrùn lẹ́yìn, á máa nípọn, ti ìdájí ń ṣáájú oòrùn, á máa tín-ín-rín.

Ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ò sọ èyí, ó sì máa ń dùn mí. Ẹ ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì ọmọ yín. Òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á dúró gbọọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sí ọ̀tún tàbí òsì, ìwo rẹ̀ á kọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n ṣe ń rí i ní Yúróòpù nìyẹn. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wà ní nǹkan bí dígírì 7 péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ibí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà nígbà tó bá ń wọ̀. Òṣùpá tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á wà lókè rẹ̀, bóyá kó fì sí ọ̀tún tàbí sí òsì díẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wà ní dígírì 51, oòrùn máa ń dagun wọ̀ ni, òṣùpá sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju kó wà lókè rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ òṣùpá ló máa ń mọ́lẹ̀ fún wọn. Òṣùpá kan náà ni, alẹ́ kan náà. Ọmọ Àtàn tó bá ya ohun tó rí lókè ọ̀pẹ ya òótọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi bíírò pupa fagi lé e. Mo ti jà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo ṣì máa jà.

Èyí tẹ́ ẹ rí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, èyí tó ti kún kọjá ni. Ọ̀gànjọ́ ló yọ, nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán ló máa wọ̀. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ wo apá tó mọ́lẹ̀ lára rẹ̀: á kọjú sí oòrùn gan-an.

Álífà Òde fèsì pé:

Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san, tíṣà. Ìyá gàrí, ìbéèrè yín dára. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí gbogbo Ìjẹ̀bú mọ̀. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja ni Iléyá, torí náà òṣùpá ọjọ́ kejìlá ló máa ń wà lójú ọ̀run lálẹ́ Ojúde Ọba, èyí tó ku díẹ̀ kó kún. Ní 2025, ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà, ni Iléyá. Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù náà. Òṣùpá kún lọ́jọ́ 11. Bó ṣe ń rí nìyẹn lọ́dọọdún. Lẹ́yìn tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, bá ti kí Kábíyèsí tán, tí ilẹ̀ ṣú, tí kálukú ń wá ọkọ̀ lọ sílé, bí ìkùukùu ò bá bo ojú ọ̀run, òṣùpá ńlá á wà lápá ìlà-oòrùn. Ẹ ò lè rí òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ lálẹ́ Ojúde Ọba láéláé, ìbáà bọ́ sí ìgbà òjò tàbí ìgbà ọyẹ́. Ọdún tiwa jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ìdí nìyẹn tí Iléyá fi ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Òṣùpá kì í sún ní tirẹ̀.

Ìbéèrè tèmi nìyí, tíṣà. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ọjọ́ 27 ni òṣùpá fi ń yí ayé po. Oṣù tiwa kì í jẹ́ ọjọ́ 27. Tí kò bá jẹ́ 29, á jẹ́ 30. Níbo ni ọjọ́ méjì yẹn ti wá?

Tíṣà Ìpẹ́rù fèsì pé:

Álífà wa, méjèèjì ló tọ̀nà. Tó bá jẹ́ àwọn ìràwọ̀ la fi wọ̀n ọ́n, ọjọ́ 27.3 ni òṣùpá fi ń yí po padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ló ń tànmọ́lẹ̀ sí i, ìrí òṣùpá sì dá lórí ibi tó wà sí oòrùn. Láàárín ọjọ́ 27 yẹn, ayé alára ti rìn lọ lójú ọ̀nà tirẹ̀ yí oòrùn ká, oòrùn ò sì sí níbi tí a ti rí i tẹ́lẹ̀ mọ́ láàárín àwọn ìràwọ̀. Òṣùpá ní láti rìn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì sí i kó tó bá a. Ọjọ́ 29.5 nìyẹn. Ààbọ̀ ọjọ́ tó lé lórí 29 yẹn ló fà á tí oṣù fi ń jẹ́ 29 nígbà kan, tó ń jẹ́ 30 nígbà míì.

Ìrìn yẹn náà ló wà nídìí ohun tí ọdẹ wí, pé ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ yọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni lójúmọ́ kan. Ẹ lè fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ na apá yín tààrà, kẹ́ ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù yẹn gba nǹkan bí dígírì 10 lójú ọ̀run. Lẹ́yìn tí oṣù bá lé, ẹ dúró sójú kan náà nínú àgbàlá, ní aago kan náà lálaalẹ́, kẹ́ ẹ wo bí òṣùpá ṣe ga tó sí orí òrùlé ilé kan tàbí òpó iná kan. Lálẹ́ kejì, á ti fi ìkúùkù kan àti díẹ̀ ga sí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ti nípọn ju ti àná lọ.

Ìyá Gàrí Àtàn kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin bàbá. Ọdẹ, ìwọ náà ṣeun. A ti ṣe ti ọsàn. Nígbà tí mo yí padà dé ibi tí tọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níwájú mi, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù lápá òsì ọsàn. Bí mo ṣe yí kọjá tọ́ọ̀ṣì báyìí, tẹ́ẹ́rẹ́ náà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọmọ yìí pariwo pé, "Mọ́mì, ti ìdájí nìyẹn, ti alẹ́ nìyí!" Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì ya òṣùpá tó dojú ìwo kọ òkè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo máa ń rí tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Nínú òṣùpá ìdájí tó tín-ín-rín gan-an, pàápàá tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run, mo máa ń rí ìyókù rẹ̀. Gbogbo roboto rẹ̀ ló máa ń hàn fírífírí, àwọ̀ eérú, tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀ yẹn á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí oòrùn ò bá dé apá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wo ni mò ń rí?

Tíṣà Ìpẹ́rù fèsì pé:

Ìyá wa, ojú yín ríran. Ìmọ́lẹ̀ ayé ni.

Oòrùn ń tàn sí ayé, ìkùukùu àti ilẹ̀ àti òkun ń ta ìmọ́lẹ̀ náà padà sókè. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dé òkùnkùn ara òṣùpá, ó sì tún ń padà wá bá ojú yín ní Àtàn. Bí ẹnì kan bá dúró sórí òṣùpá ní ìdájí yẹn, níbi tó kọjú sí wa, tó sì gbójú sókè, ayé ló máa rí, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ayé tún tóbi lójú rẹ̀ ju bí òṣùpá ṣe tóbi lójú wa lọ dáadáa, torí ayé fẹ̀ tó 12,742 kìlómítà, òṣùpá ò ju 3,474 lọ. Bí òṣùpá bá ṣe ń kún lọ́dọ̀ wa ni ayé á máa dín lọ́dọ̀ onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí àwọ̀ eérú yẹn mọ́ nígbà tí òṣùpá bá ti nípọn: ìmọ́lẹ̀ ayé tó ń dé ibẹ̀ ti dín kù, ìmọ́lẹ̀ oòrùn lára òṣùpá sì ti pọ̀ débi tó ń bo ojú mọ́lẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe ohun kan sí i nítorí ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2026, òjìji ayé á tún bọ́ sára òṣùpá tó kún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jí nídàájí lẹ sì máa rí i tí ìkùukùu bá gbà. Á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, lápá ìwọ̀-oòrùn. Tó bá fi máa di aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ìwọ̀nba etí kékeré kan ló máa kù lára òṣùpá tí òjìji ò ní bò. Kí ọmọ mú ìwé dání, kó máa ya òṣùpá ní ọgbọọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó wo etí òjìji náà dáadáa: á tẹ̀ kọdọrọ bí ó ti ń wọlé sára òṣùpá, torí ayé rí roboto, á sì máa sún lójú rẹ̀ láàárín òru kan ṣoṣo. Kó wá fi àwòrán yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ààbọ̀ òṣùpá aago mẹ́jọ àárọ̀, tí etí òkùnkùn rẹ̀ gún tààrà, kó mú méjèèjì lọ fi han tíṣà lẹ́sìnnì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.